Títan mọ́tò dróònù pẹ̀lú stíìkì dípò swíìṣì: ṣé ó ṣeé fọkàn tán?

ỌmọÒfurufú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá.

Dróònù ínṣì 5 ni mò ń fò. Ètò Betaflight ló wà lórí bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀, ètò EdgeTX ló wà nínú rìmóòtù, ètò rédíò ExpressLRS ló so wọ́n pọ̀. Ọrùn ọwọ́ mi òsì kì í yí dáadáa, nítorí náà orí pákó pẹlẹbẹ kan tí mo fi okùn gbé kọ́rùn ni mo máa ń gbé rìmóòtù lé, màá wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka di stíìkì mú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo swíìṣì tó wà léjìká rìmóòtù ló jìnnà sí mi. Kí n tó lè tan mọ́tò tàbí kí n pa á, àfi kí n fi stíìkì sílẹ̀, kí n tún ara ṣe, kí n tó nawọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Phantom, dróònù DJI. Ó kàn máa ń fa stíìkì méjèèjì wá sí igun ìsàlẹ̀ ni, mọ́tò á sì gbéra. Kì í wá swíìṣì kankan. Ṣé tèmi náà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí títan mọ́tò, pípa á, àti fèrè tí a fi ń wá dróònù tó bá já sínú koríko, kí gbogbo wọn bọ́ sórí stíìkì.

IrinTóŃFò

Ó ṣeé ṣe, kò tiẹ̀ le rárá. Ara Cleanflight ni wọ́n ti fa Betaflight yọ, ohun tí ò ń bèèrè yìí sì ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Lọ sí Modes nínú Configurator (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún Betaflight ṣe), yọ ohun tí o so mọ́ ARM (títan mọ́tò) kúrò, kí o tọ́jú rẹ̀. Nínú Betaflight tuntun, lọ sí CLI pẹ̀lú, kọ set enable_stick_arming = ON, kí o sì kọ save. Bí bọ́ọ̀dù bá ti rí i pé kò sí swíìṣì lórí ARM, stíìkì ló máa máa wò. Throttle (agbára mọ́tò) nílẹ̀, yaw (yíyí ojú dróònù) sọ́tùn-ún: mọ́tò tàn. Throttle nílẹ̀, yaw sósì: mọ́tò kú. Ó parí.

Ohun kan ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù kì í ka stíìkì sí "ìsàlẹ̀" tàbí "òsì" àyàfi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wọ abẹ́ 1050, kì í sì í kà á sí "òkè" tàbí "ọ̀tún" àyàfi tó bá kọjá 1900. Min_check àti max_check lorúkọ wọn. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín méjèèjì, àárín ni lójú tiẹ̀. Bí o bá ti dín ìrìn yaw kù nínú rìmóòtù débi pé 1880 ló ń dé, fa stíìkì títí ilẹ̀ á fi ṣú, mọ́tò ò ní mira. Ṣí Receiver nínú Configurator, ti stíìkì dé òpin, kí o ka nọ́ńbà náà kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú bọ́ọ̀dù.

AlágbẹdẹAfẹ́fẹ́

Irin, òótọ́ lo sọ, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lo fò dá.

ỌmọÒfurufú, má tíì yọ nǹkan kan kúrò. Tún wo ohun tó ń pa mọ́tò nínú ètò yẹn: throttle nílẹ̀, yaw sósì. Irú fífò wo lò ń fò? Bó bá jẹ́ acro ni (fífò tí bọ́ọ̀dù kì í fúnra rẹ̀ mú dróònù tọ́), ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá gun òkè, tí wàá ju throttle sílẹ̀ pátápátá kí dróònù máa já bọ̀, tí wàá sì yí i sósì bó ṣe ń bọ̀. Igun tó ń pa mọ́tò gan-an ni stíìkì rẹ wà yẹn. Airmode, ètò kan nínú Betaflight, ni kì í jẹ́ kí dróònù kú sí ẹ lọ́wọ́ nígbà tí throttle wà ní òdo, òun náà ló sì ń jẹ́ kí gbogbo wa máa ju throttle sílẹ̀ láìbẹ̀rù. Bọ́ọ̀dù ò mọ̀ pé òkè lo wà, igun stíìkì nìkan ló ń rí. Bí o bá ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó ti pa mọ́tò nìyẹn.

Má sì rò pé wàá tètè tún un tàn kó tó balẹ̀. small_angle wà níbẹ̀: bí o kò bá yí i padà, bọ́ọ̀dù kì í gbà kí mọ́tò tàn bí dróònù bá ti dagun ju digírì 25 lọ. Dróònù tó ń yí gbirigbiri bọ̀ láti òkè, ta ló fẹ́ bá ọ mú un tọ́?

Ọ̀kan tún kù. Bí o bá já sínú koríko, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kíá ni pé kí mọ́tò kú, nítorí abẹ̀bẹ̀ tí koríko dì mú tí mọ́tò sì ń fipá yí, iná ló máa jó. Swíìṣì, o ta á lẹ́ẹ̀kan, ó ti kú. Pẹ̀lú stíìkì, wàá ti yaw sósì dé òpin, wàá sì dúró díẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ò ń dúró yẹn, ò ń sọ fún mọ́tò pé kó yí dróònù sósì ni. Ìdàkejì ohun tó o fẹ́ gan-an.

IrinTóŃFò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi stíìkì tan mọ́tò, kò tíì kú sí mi lókè rí. Mi ò kì í já throttle sí òdo lókè, mo kàn máa ń rìn jẹ́jẹ́ káàkiri ni. Ẹni tó ń fò ní Angle (tí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ń mú dróònù tọ́), tí kì í dojú dróònù dé, kí ló máa gbé e dé igun yẹn?

Ẹ sì jẹ́ ká sọ ti swíìṣì náà. Okùn ọrùn kọ́ ọ, apá aṣọ fà á, ìka ṣèèṣì kàn án, dróònù já bọ́. Betaflight kì í gbà kí mọ́tò tàn bí a bá fi iná sí dróònù nígbà tí swíìṣì ti wà lókè, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti wà lófuurufú, swíìṣì tó yí ti yí. Kò dúró bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

AlágbẹdẹAfẹ́fẹ́

Mi ò bá ọ jiyàn lórí Angle. Acro ni mo ń sọ, dróònù ínṣì 5 tí wọ́n fi ń rìn jẹ́jẹ́ káàkiri nìkan ò sì wọ́pọ̀.

ỌmọÒfurufú

Acro ni mo ń fò o, ọ̀gá Alágbẹdẹ. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí Phantom. Kí ló dé tí tiwọn fi ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà?

AlágbẹdẹAfẹ́fẹ́

Torí pé throttle tiwọn kì í ṣe throttle bíi tìẹ. Stíìkì Phantom máa ń padà sí àárín fúnra rẹ̀, àárín yẹn sì túmọ̀ sí "dúró síbi tó o wà". Tó o bá fà á wálẹ̀, ńṣe lò ń ní kó sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe pé o gba agbára lọ́wọ́ mọ́tò. Wọn ò sì lo igun ẹyọ kan. Stíìkì méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wọ igun lẹ́ẹ̀kan náà, ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó ń fò bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ náà, ọkàn wọn ò balẹ̀. Lórí Phantom 4, bí o bá fẹ́ pa mọ́tò nígbà tó ṣì wà lókè, stíìkì òsì nìkan lo máa fà sí igun ìsàlẹ̀ tó wà nínú, wàá sì tẹ bọ́tìnnì tó ń pè é padà sílé pọ̀ mọ́ ọn. Bọ́tìnnì náà ni wọ́n padà fi há a lẹ́nu, ṣé o rí i?

AyaMáàpù

Mo ń kà yín látẹ̀yìn ni, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ẹnu sí i díẹ̀. Dróònù tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ni mò ń fò, ètò ArduPilot ló wà lórí rẹ̀ dípò Betaflight, stíìkì ni mo sì fi ń tàn án lójoojúmọ́: throttle nílẹ̀, yaw sọ́tùn-ún fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Yaw sósì fún ìṣẹ́jú àáyá 2 ló ń pa á, bí a bá gbà á láyè.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ArduPilot ni pé ó gbà kí ọ̀ràn méjèèjì yà sọ́tọ̀. Ètò kan wà tó ń jẹ́ ARMING_RUDDER. Bó bá wà ní 0, stíìkì ò ní tan mọ́tò, kò ní pa á. 1, ó ń tàn án ṣùgbọ́n kì í pa á. 2, ó ń ṣe méjèèjì. Orí 1 ni tèmi wà. Bí mo bá balẹ̀, mo máa ń jẹ́ kó pa ara rẹ̀ ni.

Ó tún ní làákàyè díẹ̀ ju ti Betaflight lọ, nítorí ní Loiter tàbí AltHold (níbi tí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ti ń di gíga mú), kì í gbà kí stíìkì pa mọ́tò àyàfi tó bá gbà pé dróònù ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí Stabilize àti Acro: níbẹ̀, throttle wà lọ́wọ́ yín tààrà, kò sì ní bèèrè bóyá ẹ ti balẹ̀. Ẹni tó bá fi í sí 2 tó sì ń fò ní Acro, ọ̀rọ̀ ọ̀gá Alágbẹdẹ kàn án.

PX4, ètò bọ́ọ̀dù mìíràn, náà ní tiẹ̀, MAN_ARM_GESTURE, ìṣẹ́jú àáyá 1 péré. Ó yá jù fún mi.

Mákáníìkì_Kékeré

Ẹ̀gbọ́n AyaMáàpù ti sọ ọ́ tán láìmọ̀. Títan àti pípa kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Bí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì ṣe ìrìn tó ń TAN mọ́tò nígbà tí dróònù wà lókè, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Kò sí nǹkan kan. Ó ti tàn tẹ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì ṣe ìrìn tó ń PA á, ó já. Gbogbo ewu tí ẹ ti ń sọ láti òkè wá, pípa ló ni ín. Ẹ jẹ́ kí stíìkì máa tan mọ́tò, kí bọ́tìnnì máa pa á.

Betaflight ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀: bí stíìkì bá ń tàn án, stíìkì náà ló máa pa á. Ṣùgbọ́n ỌmọÒfurufú ní EdgeTX, inú rìmóòtù lèmi sì máa ti ṣe é. Dá ARM padà sórí AUX1 (ṣánẹ́ẹ̀lì karùn-ún, tí rìmóòtù ń pè ní CH5) nínú bọ́ọ̀dù bó ṣe wà, kí bọ́ọ̀dù máa rò pé swíìṣì gidi ló wà níbẹ̀. Nínú Logical Switches, àwọn swíìṣì tí EdgeTX fúnra rẹ̀ ń ṣe (Thr ni throttle, Rud ni yaw; Sticky máa ń dúró bó ṣe wà títí a ó fi pa á):

L01: a<x, Thr, -95
L02: a>x, Rud, 95
L03: AND, L01 pẹ̀lú L02, Delay ìṣẹ́jú àáyá 1
L04: Sticky, L03 ló ń tàn án, bọ́tìnnì trim òsì ló ń pa á

Lẹ́yìn náà, lọ sí Mixes, fi L04 ṣe orísun CH5. Òun ni "swíìṣì" rẹ.

Bọ́tìnnì trim, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn bọ́tìnnì kéékèèké tó wà lábẹ́ stíìkì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń lò ó lórí dróònù. Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò rẹ ló wà, kò jìnnà bíi swíìṣì èjìká. Kọ́kọ́ wọ Flight Modes kí o pa trim náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa sún àárín stíìkì rẹ kúrò. Má fi Delay kankan sí ìhà pípa. Bó o bá ti tẹ̀ ẹ́, kó kú.

ỌmọÒfurufú

Ọlọ́run ò ní gbàgbé rẹ. Ṣùgbọ́n mo ní láti fi stíìkì sílẹ̀ kí n tó tẹ trim náà, àbí?

Mákáníìkì_Kékeré

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n nígbà tó o bá fẹ́ pa mọ́tò, kí lo tún fẹ́ fi stíìkì ṣe? Ohun tó ń dùn ọ́ ni bí swíìṣì ṣe jìnnà, trim sì wà nítòsí.

ÌyáDróònù

Mákáníìkì, iṣẹ́ rẹ dáa, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú L01. Ilẹ̀ ni throttle máa ń wà tí a bá gbé rìmóòtù kalẹ̀. Kò sí sípíríǹgì níbẹ̀ tó ń gbé e padà sókè. Nípa bẹ́ẹ̀, ìrìn méjì tí o kọ sílẹ̀, ẹyọ kan ni: kí nǹkan ṣáà ti yaw sọ́tùn-ún fún ìṣẹ́jú àáyá 1. Ọmọdé kan fọwọ́ kan rìmóòtù, tàbí rìmóòtù fi stíìkì rọ mọ́ ikùn ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé dróònù. Mọ́tò tàn, ọwọ́ sì wà nítòsí abẹ̀bẹ̀.

Fi ti stíìkì ọ̀tún kún un, ìyẹn pitch (síwájú tàbí sẹ́yìn, Ele) àti roll (sí ẹ̀gbẹ́, Ail). Kí méjèèjì wọ igun ìsàlẹ̀ tó kọjú síra wọn: L05, a<x, Ele, -95, L06, a<x, Ail, -95, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin péjọ kí ó tó tàn.

Mo tún fẹ́ràn igun yẹn fún ohun kan tí wọn kì í sábà sọ. Mode ni bí a ṣe pín ìdarí sórí stíìkì méjèèjì. Ní Mode 2, òsì ni throttle àti yaw wà, pitch àti roll wà lọ́tùn-ún. Ní Mode 1, pitch àti yaw ló wà lósì, throttle àti roll lọ́tùn-ún. Ẹ fa stíìkì méjèèjì wá sínú nísàlẹ̀, kí ẹ wá kà á: throttle nílẹ̀, yaw sọ́tùn-ún, pitch sẹ́yìn, roll sósì. Mode méjèèjì, ohun kan náà ló jáde. Ẹni tó ń fò ní Mode 1 lè gba ètò yìí lọ́wọ́ rẹ láìyí ìlà kan padà.

Ṣùgbọ́n igun tó wà lóde, kí stíìkì méjèèjì ya sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Betaflight ti fi ìyẹn ṣe "fi ètò pa mọ́". Throttle nílẹ̀, yaw sósì, pitch sẹ́yìn láìfọwọ́ kan roll, ìyẹn ló ń tún gyro (ẹ̀rọ tó ń mọ bí dróònù ṣe ń yí) dá. Ẹ wo àtẹ ìrìn stíìkì bọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó yan igun.

IrinTóŃFò

Ìyá, ẹ ṣé, mi ò mọ ti Mode 1 yẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ tiẹ̀ mẹ́nu kan nǹkan tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí: bí ẹ ṣe ń bú stíìkì, ẹ má gbàgbé pé nílẹ̀, kò sí ohun tó dà bí i. Throttle láàárín, yaw sósì, pitch síwájú, àtẹ ètò ti ṣí lójú awò. Mò ń yí PID (nọ́ńbà tó ń darí bí dróònù ṣe ń fèsì), mò ń yí agbára ìtàgbé fídíò, mò ń fi pa mọ́, kọ̀ǹpútà wà nílé. Profaili mẹ́ta, stíìkì ló ń pààrọ̀ wọn: throttle nílẹ̀ pẹ̀lú yaw sósì, lẹ́yìn náà roll sósì fún ti 1, pitch síwájú fún ti 2, roll sọ́tùn-ún fún ti 3. Gbogbo ìwọ̀nyí ò ṣiṣẹ́ àyàfi nígbà tí mọ́tò bá ti kú, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi pa ẹnikẹ́ni lára.

AlágbẹdẹAfẹ́fẹ́

Lórí ìyẹn, mo gbà fún ọ pátápátá. Ibi tí stíìkì ti jọba nìyẹn.

ỌmọÒfurufú, nítorí pé ExpressLRS lò ń lò: CH5 gan-an ni kí o lò fún títan mọ́tò bí Mákáníìkì ṣe kọ ọ́, má gbé e lọ sórí 6 tàbí 7. Gbogbo ìgbà tí rìmóòtù bá ránṣẹ́ ni CH5 máa ń bá a lọ, ààyè méjì péré ló sì ní: 1000 kú, 2000 yè. Nínú ètò Hybrid (ọ̀nà kan tí ExpressLRS fi ń fi ṣánẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́), àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì yòókù ń gbà á ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ni, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Fún fèrè, kò burú. Fún pípa mọ́tò, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró de ìlà.

Yọ abẹ̀bẹ̀ kí o tó dán an wò. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

AyaMáàpù

Ẹ bá mi bi Mákáníìkì: bí rìmóòtù bá kú lójijì tó sì tún tàn, ipò wo ni Sticky yẹn máa wà? Mi ò fẹ́ kó padà wá pẹ̀lú 2000 kí mọ́tò gbéra.

Mákáníìkì_Kékeré

Ìbéèrè gidi. Fún ara rẹ̀, pípa ló máa wà títí wọn á fi ṣe ìrìn náà. Ẹ má sáà fi ètò tó ń jẹ́ kó rántí ipò rẹ̀ sí i. Bó tiẹ̀ wá jẹ́ pé ó padà pẹ̀lú 2000 nígbà tí dróònù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná, Betaflight ò ní gbà, ohun tí Irin sọ lókè nípa swíìṣì tó ti wà lókè nìyẹn.

ỌmọÒfurufú

Mo ti ṣe é. Abẹ̀bẹ̀ ò sí lórí rẹ̀, ọ̀gá Alágbẹdẹ, ẹ fọkàn balẹ̀.

Igun tí Ìyá sọ ni mo lò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ pé. Mo ṣí Receiver, mo ń wo AUX1. Bí mo ṣe fa stíìkì méjèèjì wọlé, kò ṣe nǹkan kan, ó dúró díẹ̀, ó wá fò láti 1000 lọ sí 2000. Mo fi stíìkì sílẹ̀, ó dúró sí 2000. Mo tẹ trim òsì, 1000 lójú ẹsẹ̀. Mo wá ṣe bíi pé mò ń fò acro, mo ju throttle sílẹ̀, mo yí yaw sósì dé òpin, mo dì í mú níbẹ̀. AUX1 ò mira.

Pitch dé -93 péré níbẹ̀rẹ̀, kò fẹ́ gbà. Mo tún stíìkì dá nínú rìmóòtù, ó dé òpin rẹ̀. Fún fèrè, trim tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ stíìkì ọ̀tún ni mo fún un, lórí CH7.

Nǹkan kan ṣẹ́kù: swíìṣì èjìká tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò pátápátá?

AlágbẹdẹAfẹ́fẹ́

Má yọ ọ́. Fi í kún ìhà pípa. Fi L07 ṣe OR: trim òsì tàbí swíìṣì yẹn tó bá wálẹ̀. L07 ni kí o wá fi pa Sticky dípò trim nìkan. Bí ọwọ́ rẹ ò bá tó o lónìí, ọwọ́ ẹlòmíràn lè tó o.

ÌyáDróònù

Ẹlòmíràn yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Kọ ọ́ sára pákó tó o gbé rìmóòtù lé, kó hàn gbangba: ibi tí wọ́n ti ń pa á. Bí o bá gbé rìmóòtù fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó gbìyànjú, swíìṣì ló máa kọ́kọ́ wá, nítorí ibẹ̀ ni ti gbogbo èèyàn wà.

ỌmọÒfurufú

Mo ti kọ ọ́, ma. Ó ku OR yẹn, alẹ́ yìí ni màá fi kún un. Ẹni tó bá fẹ́ ètò náà fún Mode 1, kó bèèrè lọ́wọ́ mi, màá gbé fáìlì rẹ̀ síbí.